Ẹjọ́ Ìyálóde Ẹfúnṣetán: Ẹ Jẹ́ Ká Tún Un Gbọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo ní àforíjì tí mo fẹ́ tọrọ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ yín ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1970, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi yín nínú ìdánwò: "Ṣàlàyé ìwà ìkà Ẹfúnṣetán." Mi ò bi yín rí pé ta ló jẹ ẹ́ lówó.

Eré náà dára, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Nínú rẹ̀, ikú Adétutù, ẹrúbìnrin tó lóyún, ló kó Ìbàdàn jọ lé Ìyálóde lórí. Níkẹyìn, ó gbé májèlé jẹ, àwa náà sì pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921 wò. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà fi yọ ọ́ lóyè ní 1874: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹrú ò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti là á yé wa pé àwìn làwọn ológun ń ra ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ obìnrin yìí. Kò pẹ́ tí wọ́n yọ ọ́ tí wọ́n fi pa á lóru.

Mi ò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ o. Ẹrú jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá a lẹ́jọ́ pàápàá, ṣebí ẹrú ni wọ́n ń kó bọ̀ láti ojú ogun?

Lójú tèmi, owó Ìyálóde pọ̀, àmọ́ àga kan ṣoṣo ló ní láàárín ìjòyè ọkùnrin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, owó náà ò gbà á sílẹ̀. Àwọn ìyálọ́jà wa ń dáwó ìbò títí dòní. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta 2022, àwọn aṣòfin Àbújá da àbá tó fẹ́ ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin nù. Lẹ́yìn ìbò 2023, nínú sẹ́nétọ̀ 109, obìnrin ò pé 5.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ ọmọ léré yìí, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹ kàn fi ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí èmi ò bi yín.