‘Gbọ́’ àti Ògbufọ̀: Àyẹ̀wò Òfin Àkàndá Ẹ̀dá láti Felele

Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘gbọ́’ kò mọ sí etí nìkan nínú èdè Yorùbá: à ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Ṣùgbọ́n bí adití bá dé iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, ‘kò gbọ́’ a di ‘kò mòye’.

Èyí yani lẹ́nu ní ìlú bíi Lọ́kọ́jà. Àjàyí Crowther ṣe ògbufọ̀ nínú ìrìn-àjò orí Odò Ọya ti ọdún 1841, èyí tí ó dé ìpàdé odò níbẹ̀. Títí di òní, bí àgbà Òkun kan bá bá akọ̀wé Ígálà pàdé ní Felele, ẹnìkan yóò bá wọn túmọ̀. Kò sí ẹni tí yóò ka àgbà náà sí aláìlóye. Adití náà ní èdè. Èdè àfọwọ́sọ ni Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà, fi kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960.

Òfin tí ó ka ìdẹ́yẹsí àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019, pàṣẹ pé kí ilé-ìwòsàn ìjọba pèsè ìbánisọ̀rọ̀ àkànṣe fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. ‘Àkànṣe’ yìí ni ó kù díẹ̀ káàtó. Òṣìṣẹ́ lè sọ pé bírò àti ìwé ti tó. Nígbà náà, ọmọ aláìsàn ni yóò di ògbufọ̀, tí yóò sì gbọ́ nípa ara ìyá rẹ̀ ohun tí kò yẹ kí ọmọ gbọ́.

Òfin kan náà fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti tún àtẹ̀gùn àti ẹnu-ọ̀nà wọn ṣe; ó pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ògbufọ̀ tí àwọn adití ń bèèrè kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀.