Yorùbá: Ẹ̀rọ Ń Kọ́ Ọ, Ilé-Ìwé Ń Kọ̀ Ọ́

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi síwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ àmì ohùn kúrò lórí àkọlé yẹn. Kí lẹ rí? "Ẹrọ n kọ ọ, ile-iwe n kọ ọ." Èwo wá ni kọ́, èwo ni kọ̀? Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń kọ̀ nǹkan sílẹ̀ ti di ọ̀kan náà. Àmì kékeré yẹn ni mo fẹ́ torí ẹ̀ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹni tí mo fẹ́ yẹ iṣẹ́ àti èrò rẹ̀ wò ni Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá, onímọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà tó dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀ n'Íbàdàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Alt-I. Mo mọ̀ pé ewì àti ìtàn la sábà máa ń ṣe lámèyítọ́ fún nínú ìwé wa yìí. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló pa akéwì pọ̀ mọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun èlò kan náà la jọ ń lò, ìyẹn èdè.

Òye tó wà nídìí iṣẹ́ Alt-I ò ṣòro. Èdè tí kò bá ráyè jókòó nínú ẹ̀rọ ayé òde òní, ẹ̀yìn ni yóò máa wà. Àwa tá a ni èdè la sì gbọ́dọ̀ gbé àga síbẹ̀ fún un. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn iṣẹ́ Adégbọlá ni pé kò ka ohùn sí ìyọnu. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá dé ìdí ohùn, ńṣe ni wọ́n máa ń yọ ọ́ dànù kí iṣẹ́ lè yá. Ìwádìí tí òun fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn: ó fi ohùn dín iye ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa wá kiri kù nígbà tó bá ń gbọ́ Yorùbá.

Ẹ wò ó báyìí. Ohùn mẹ́ta la ní: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ onísílébù méjì lè ní oríṣi ìtò ohùn 9. Àmọ́ gbogbo wa tá a ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í ní ohùn òkè níwájú. Lójú ẹsẹ̀, 9 ti di 6. Bí ẹ̀rọ bá gbọ́ ohùn àárín, tí ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ṣì lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ́ ti jáde, òkò náà ti jáde. Ọgbọ́n onígángan nìyẹn láti ayébáyé: ìlù ò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì, síbẹ̀ a ń gbọ́ ohun tó ń wí. Ohun tí àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ bí ẹrù, Adégbọlá gbé e sókè bí àtùpà. Lójú tèmi, lámèyítọ́ èdè gidi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣirò ló ṣe é.

Wàyí o, ẹ̀rọ kì í dédé mọ èdè. Ohun tí àwa èèyàn bá kọ sílẹ̀, àti ohùn wa tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá ṣe fún un ló ṣe máa dá a padà fún wa. Ẹ wo fóònù yín. Ọ̀rẹ́ yín obìnrin kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé, "Oko mi ti baje." Ṣé ọkọ rẹ̀ ló bàjẹ́ ni, àbí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, àbí oko bàbá rẹ̀ ní Odògbolú? Ẹ̀yin lè pè é, kí ẹ bi í. Ẹ̀rọ tó ń kà á ò lè pè é. Ńṣe ló máa méfò, tó bá sì méfò títí, àṣìsọ á di èdè lẹ́nu ẹ̀.

Kí n má purọ́, ẹ̀bi ọ̀lẹ nìkan kọ́. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò káàkiri ayé, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "é" ní tirẹ̀, àmọ́ "ẹ́" ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àfi ká so nǹkan méjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà nígbà míì. Bí ẹ bá sì rí àmì tó sanra ju lẹ́tà lọ nínú fótókọ́pì yìí, bírò ni. Ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù Yorùbá ti wà lórí fóònù báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwáwí ti ń tán.

Ìjọba ńkọ́? Ọ̀rọ̀ dé ibi tó ta kókó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé N-ATLAS jáde, ọpọlọ ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà. A pàtẹ́wọ́. Kò pé oṣù méjì, ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti wọ́gi lé ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ lè kẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá, ọmọ Yorùbá ò gbọdọ̀.

Ìdí tí mínísítà sọ ni pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò bíi WAEC àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2023, lẹ́yìn ìlànà yẹn, ó di nǹkan bíi 2035 kó tó jókòó fún WAEC. Báwo ni ìlànà 2022 ṣe wá já ọmọ 2025? Bí ẹ bá ní láti 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ń dárúkọ èdè abínibí fún àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, mo gbà, àmọ́ dídárúkọ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Ibi tí wọ́n ti ṣe é tọkàntọkàn la ní láti wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo ti ní àbá fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìyí, tí mo bá ti kí Adégbọlá kú iṣẹ́ tán. Bí ẹ̀rọ bá gbọ́ Yorùbá, inú wa á dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lè bí ọmọ tó máa sọ ọ́. Ilé-ìwé ni ìsun, ẹ̀rọ ni ìkòkò. Bí ìsun bá gbẹ, kí lẹ fẹ́ pọn sínú ìkòkò? Èkejì, Yorùbá wo ni ẹ̀rọ ń kọ́? Yorùbá àjùmọ̀lò ni. Ìyá àgbà tó ń ta gààrí ní Odògbolú ńkọ́, tó jẹ́ pé Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló ń sọ? Bí ẹ̀rọ ò bá gbọ́ tirẹ̀, a kàn gbé tíṣà tó ń na ọmọ torí vernacular wọ inú fóònù ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ìjagun tá a wà yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, olùkọ́ ni yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Tai Solarin ń kọ́. Àwa tá a ń ka Yorùbá la máa dúró síwájú àwọn ọmọ yẹn lọ́la. Ìjọba lè fi ìwé kan wọ́gi lé ìlànà, kò lè wọ́gi lé wa lẹ́nu. Nítorí náà, ẹ̀yin akéwì, bí ẹ bá máa fi ewì yín sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa, ẹ fi ohùn sí i. Tí ẹ bá máa kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí olólùfẹ́ yín, ẹ fi ohùn sí i, kó lè mọ̀ bóyá ọkọ lẹ pe òun ni, àbí òkò.