Dídènà Èébì Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ojú Ihò

Iṣẹ́ abẹ ojú ihò kì í la ikùn gbọọrọ. Oníṣẹ́ abẹ á lu ihò kéékèèké mélòó kan, á fẹ́ gáàsì carbon dioxide sínú ikùn títí yóò fi wú bí ìlù, á wá ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Báyìí ni Erich Mühe ṣe yọ àpò òróòro ní Böblingen, ní Jámánì, ní 1985. Ọgbẹ́ kéré, aláìsàn sì lè tètè relé, àfi bí èébì bá dá a dúró.

Oògùn akunilóorun tí à ń fà símú wà lára ohun tó ń fa èébì náà, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ìrora irú morphine. Ẹni tó bá ń bì, ikùn rẹ̀ á máa fún pọ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ tútù. Oògùn tó gbé mì gan-an á padà sínú abọ́.

Kí wọ́n tó mú abẹ ni ìdènà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1999, Christian Apfel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀. Ṣé obìnrin ni aláìsàn? Ṣé kì í mu sìgá? Ṣé ó ti bì rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí ó máa ń bì bó bá wọ mọ́tò? Ṣé yóò gba oògùn irú morphine lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ẹni tí kò ní ẹyọ kan nínú àmì mẹ́rin yìí, bí ẹnì 1 nínú 10 ni èébì ń gbé. Ẹni tó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí 8 nínú 10. Jíjẹ́ obìnrin ló wúwo jù níbẹ̀. Síbẹ̀, ọkùnrin tí kì í mu sìgá, tí mọ́tò sì máa ń mú bì, ti ní méjì ná. (Ti sìgá yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dáná sí i o.)

Bí àmì bá ti pọ̀ tó ni oògùn ìdènà èébì ṣe ń pọ̀ tó. Dexamethasone kì í yára ṣiṣẹ́, nítorí náà wọ́n ń fún aláìsàn bó bá ti ń sùn lọ. Ondansetron ń tẹ̀ lé e nígbà tí iṣẹ́ bá ń parí lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dín ewu náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sì yàtọ̀, ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Dókítà tún lè fi propofol sínú iṣan dípò oògùn àfàsímú, kó sì fi parasitamó àti abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ọgbẹ́ kú dín morphine kù.

Èyí tí kò ní oògùn nínú wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀. Bó bá fi ìka mẹ́ta lélẹ̀ láti ìlà ọrùn ọwọ́ lọ sókè, tó sì fi àtàǹpàkò tẹ àárín iṣan méjì tó wà níbẹ̀, ó lè dín èébì kù.