Tábìlì tó ń Dáhùn kí Àlejò tó Béèrè

Ọyẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí tábìlì ìjẹun ní ní Kàdúná. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, eruku kíkúnná tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń ráàyè wọlé, bí fèrèsé tilẹ̀ wà ní títì pa. Ẹni tó bá tẹ́ tábìlì láàárọ̀ de àlejò ọ̀sán, kí àlejò náà tó dé, ìka ọwọ́ ti lè kọ orúkọ sára àwo. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan wà ní àdúgbò Ungwan Rimi tó jẹ́ pé tábìlì títẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun. Wọn kì í bá ọyẹ́ jà. Wọ́n á dojú gbogbo àwo délẹ̀, wọ́n á dojú ife náà délẹ̀, wọ́n á wá fi aṣọ fẹ́lẹ́ kan bò wọ́n látòkè. Ìgbà tí mọ́tò bá fọn fèrè lẹ́nu géètì ni wọ́n á ká aṣọ náà láti etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sáàárín, kí eruku orí rẹ̀ má baà dà sílẹ̀, wọ́n á sì máa ṣí àwo sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àlejò tó bọ́ bàtà tán, tábìlì ti ṣetán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀ṣọ́ ni tábìlì títẹ́: òdòdó, àbẹ́là, nápíkìn tí a ṣẹ́ sí oríṣiríṣi àrà. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè inú àlejò ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Níbo ni kí n jókòó sí? Ṣé ọwọ́ ni a ó fi jẹ ẹ́ àbí ṣíbí? Omi ìfọwọ́ dà? Èwo ni ife tèmi? Gbogbo ohun tí ìtìjú kì í jẹ́ kí ènìyàn béèrè nílé onílé ni wọ́n máa ń fi abọ́ àti ife dáhùn kí onítọ̀hún tó fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo ní Kàdúná ju ibòmíràn lọ. Hausa, Gbagyi, Yorùbá, Igbo àti àwọn ẹ̀yà gúúsù ìpínlẹ̀ Kàdúná ló jọ ń gbé ìlú tí odò là sí méjì yìí. Láti ìgbà rògbòdìyàn ẹ̀sìn ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ti kó lọ sí ìhà àríwá odò, tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó lọ sí ìhà gúúsù. Ẹni tó bá gba orí afárá kọjá wá jẹun nílé rẹ lónìí ti ṣe ohun kan tí kò yẹ kí o fojú kékeré wò.

Kí aṣọ tó dé orí tábìlì, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó sórí gbogbo àga, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n á na ọwọ́ síwájú, wọ́n á wo ohun tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ yóò máa wò: ògiri ni, ẹnu ọ̀nà ni, àbí ojú ẹlòmíràn. Àga tó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ wọlé yóò ti máa fi ara kan ènìyàn, wọn kì í fún àgbà. Wọ́n á la ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n tó gbé àga kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́; bí ẹ bá fi téèpù wọ̀n ọ́n, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 ni àyè ẹnì kan yóò jẹ́. Láàárín àwo àti etí tábìlì, oríkèé àtàǹpàkò kan gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ojú ọ̀bẹ tó mú gbọ́dọ̀ kọjú sí àwo, kó má kọjú sí aládùúgbò. Ti òdòdó ni wọ́n kọ́ mi tí n kò gbàgbé: fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì, kí o gbé ẹ̀ṣẹ́ rẹ sókè, òdòdó tó bá ga ju ẹ̀ṣẹ́ yẹn lọ, gbé e kúrò. Mo ti jókòó ní òde ìgbéyàwó tí òdòdó onírọ́bà ga débi pé títí a fi dìde n kò rí ojú ẹni tó kọjú sí mi. Owó ńlá ni wọ́n ná sí i, ó sì dùn mí.

Ní ti aṣọ tábìlì, Kàdúná ní ìtàn tirẹ̀. Ìlú aṣọ ni. Ọdún 1957 ni Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1960, Arewa Textiles àti United Nigerian Textiles ti dara pọ̀ mọ́ ọn, òwú sì ń wá láti ìhà Funtua àti Zaria. Ọ̀pọ̀ ilé ní Kakuri àti Barnawa ló jẹ́ pé owó oṣù iléeṣẹ́ aṣọ ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Lọ́dún 2007, United Nigerian Textiles ti ilẹ̀kùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì wá dẹni tó jókòó sílé. Wọ́n tún un ṣí lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn àǹkárá ayé ìgbà náà ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí àwọn ìyá. Ẹ̀gbọ́n wa máa ń tọrọ wọn, wọ́n máa ń rà wọ́n, wọ́n á gé ìbú kan nínú wọn, wọ́n á sì tẹ́ ẹ gba àárín tábìlì lórí aṣọ funfun. Wọ́n ní aṣọ tí a ti fọ̀ fún ogún ọdún kì í ṣagídí: bó bá dé etí tábìlì, á rọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Níbi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí aṣọ funfun ti máa ń gùn jù, wọ́n á ṣẹ́ ẹ sínú, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ há a níbi tí ojú kò ti lè rí i, torí ọmọ tó bá di igun aṣọ mú dìde ti fa gbogbo ọbẹ̀ wálẹ̀.

Nígbà Kérésìmesì, òwú yẹn kan náà ni wọ́n fi ń ṣe òdòdó. Àsìkò ìkórè òwú bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, nítorí náà ẹ̀ka òwú tó ti là kì í wọ́n. Wọ́n á tò ó pẹ̀lú orí ọkà bàbà gbígbẹ sínú ìkòkò kúkúrú kan. Kò nílò omi, kì í rọ, kò ní òórùn tí yóò bá òórùn ìrẹsì jà, bí eruku bá sì bà lé e, gbígbọ̀n náà ni. Ẹni tó mọ ìlú náà kò ní béèrè ìdí tí òwú fi wà lórí tábìlì Kàdúná.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò mú mi dé ọ̀dọ̀ Ladi Kwali. Ọmọ Gbagyi ni, ìlú Kwali ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1925, ọwọ́ lásán ló sì fi ń mọ ìkòkò, tí yóò máa ká amọ̀ lé ara wọn títí ìkòkò yóò fi yọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Bìrìtìkó, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìyẹn Suleja òde òní. Ní 1954 ni Ladi Kwali dara pọ̀ mọ́ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1977, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà títí di òní. Àwọn ìkòkò ńlá tó fín aláǹgbá àti ejò sí lára ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà mọ abọ́ ọbẹ̀, ife àti ìkòkò omi fún orí tábìlì pẹ̀lú. Danlami Aliyu, tó bá Cardew ṣiṣẹ́, gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sí tòsí Kàdúná nígbà tó dá ilé ìkòkò Maraba sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ní abọ́ mélòó kan nínú irú iṣẹ́ yìí, aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú dúdú, tó ń dán díẹ̀ bí iná bá tàn sí i. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Túwó ìrẹsì funfun láúláú ni wọ́n máa ń fi sínú abọ́ dúdú, kí funfun náà lè yọ. Míyàn taushe tó pọ́n nítorí elégédé náà dára nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmàlà? Rárá o. Àmàlà nínú abọ́ dúdú á fara sin pátápátá. Abọ́ tánganran funfun etí búlúù ni wọ́n fi ń bù ú, irú èyí tí ìyá ìyàwó Hausa máa ń tò jọ sí yàrá ọmọ rẹ̀. Lábẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan, fáífáí tí wọ́n fi koríko hun ni wọ́n ń fi sí. Ní ọjà, gẹ́gẹ́ bí ìdérí igbá ni wọ́n ń ta fáífáí. Lórí tábìlì, kì í jẹ́ kí abọ́ gbígbóná jó aṣọ, kì í sì í jẹ́ kí ó pariwo bí wọ́n bá ń gbé e sílẹ̀.

Tábìlì ìṣínu ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí rí. Ẹni tó ti gbààwẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kò ní sùúrù fún ọ̀ṣọ́, kò sì yẹ kí a dán sùúrù rẹ̀ wò. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti fa àga sẹ́yìn díẹ̀, kí ènìyàn má baà máa wọ́ ọ gbàràgàdà. Dàbínù mẹ́ta nínú àwo kékeré níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ti fi ọwọ́ là wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láti rí i pé kòkòrò kò sí nínú wọn, wọ́n á sì pa wọ́n dé padà. Ife omi yóò wà lápá ọ̀tún, omi tí kò tutù nini. Kò sí ìdérí tí ẹnikẹ́ni máa ṣí, kò sí nápíkìn tí a ṣẹ́, kò sí òdòdó olóòórùn. Bí mùẹ́sìnì bá ti pe ìrun, ọwọ́ kan ṣoṣo tó, kò sí ẹni tó máa wá nǹkan.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá dìde lọ kí mọ̀gàríbà ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń kírun, ẹ̀gbọ́n wa àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ á kó àwo dàbínù kúrò, wọ́n á gbé àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú epo wá, wọ́n á gbé kúnú nínú igbá, bàrà olómi tí wọ́n ti gé, máṣà, ẹran. Kò sí ẹni tó ń sáré. Ọmọbìnrin náà ń gba apá òsì yípo, ẹ̀gbọ́n ń gba apá ọ̀tún, wọn kì í pàdé lójú ọ̀nà kan. Àwọn tó jáde nídìí tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ á padà bá tábìlì ọlọ́yàyà lórí aṣọ kan náà.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹ̀gbọ́n wa náà sì máa ń wo ilé kí wọ́n tó tẹ́ tábìlì ìsọmọlórúkọ. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, ìrèké, omi: gbogbo wa la mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ìdílé kan máa kọ́kọ́ mú yàtọ̀ sí ti èkejì. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ keje, wọ́n á lọ bá àgbà tí yóò wúre: «Bàbá, èwo lẹ máa kọ́kọ́ mú?» Bí Bàbá bá ṣe dáhùn ni wọ́n ṣe máa to àwọn abọ́ kéékèèké láti ọwọ́ ọ̀tún lọ. Ataare, wọ́n á ti là á sílẹ̀, torí ìka àgbà kì í sábà lágbára láti fọ́ èèpo rẹ̀ níwájú èrò. Oyin kò gbọdọ̀ kún abọ́. Àdúrà á máa lọ láti orí ohun kan dé èkejì, Bàbá kò sì ní wá nǹkan kan tì.

Ní ilé ọ̀fọ̀, wọn kì í ṣe ju aṣọ kan ṣoṣo tí kò ní àwọ̀, omi, tíì, àti ife tó ní etí tí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè dì mú.

Èyí tó le jù ni tábìlì tí ará Tudun Wada ní ìhà àríwá odò àti ará Sabon Tasha ní ìhà gúúsù máa jọ jókòó sí. Wọ́n á kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa dúńbú ẹran, kí ọ̀rọ̀ náà ti parí kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Irú ife kan náà ni gbogbo ènìyàn máa lò. Gíláàsì ọtí kò ní sí níbẹ̀ tí ẹnì kan yóò máa da ọwọ́ bò. Sóbò pupa nínú jọ́ọ̀gì aláwọ̀ omi ló máa gbé àríyá tábìlì náà dúró. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì á wà níbẹ̀, abọ́ ìfọwọ́ náà á sì yí ká láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù, kí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ jẹun má rò pé òun nìkan ni. Bútà àlùwàlá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Jọ́ọ̀gì mìíràn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọwọ́ fífọ̀, iṣẹ́ mìíràn kò sì sí fún un.

Gbogbo nǹkan ló máa ń pé lórí tábìlì náà, àyàfi yájì, ata tí wọ́n fi ń jẹ ẹran sísun. Iyọ̀, ẹni méjì méjì ló ní tiwọn, ṣùgbọ́n yájì, abọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé wá fún odindi tábìlì, wọ́n á sì fi í sí iwájú àlejò méjì tí kò mọra rí, ibi tí ọwọ́ àwọn tó kù kò dé. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè jẹ ẹran sísun ní Kàdúná láìní yájì, ó di dandan kí ẹnì kan ṣáà sọ pé, «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nawọ́ yájì yẹn.»