Ẹ̀fúùfù Orí Òkè Franconia

Ẹ̀fúùfù Franconia kì í tètè fara hàn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Falling Waters gòkè, ariwo omi tó ń já bọ́ lórí àpáta ló máa ń gbọ́, igi á sì bò ó lọ́tùn-ún lósì. Bó ṣe ń gòkè ni igi ń kúrú sí i, títí wọn ò fi ní ga ju orúnkún lọ. Kó tó mọ̀, igi ti tán. Orí òkè Little Haystack nìyẹn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà ni òkè Franconia wà. Gbogbo ìrìn náà, àlọ àtàbọ̀, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 14. Ó gba orí Little Haystack, Lincoln àti Lafayette, ó sì yí padà síbi téèyàn ti gbéra. Láti Little Haystack dé Lafayette, tó ga tó mítà 1,600, ó lé ní kìlómítà 2.5 tí kò sí igi, kò sí ilé, kò sì sí ọ̀nà mìíràn téèyàn lè yà sí láti sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Àfi kó tẹ̀ síwájú tàbí kó padà.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ òkè é gùn kì í fi í dúró dìgbà tí wọ́n bá bọ́ sí gbangba kí wọ́n tó múra. Abẹ́ igi tó kẹ́yìn ni wọ́n ti ń wọ jákẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ń mumi, torí ìka tó ti gan fún òtútù kò lè ṣí síìpù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọjú síta, wọ́n á dúró, wọ́n á wo Lafayette. Bí ìkùukùu bá ń kóra jọ sórí rẹ̀, atẹ́gùn ọlọ́rinrin ló ń gun òkè bọ̀, tó ń tutù bó ṣe ń gòkè; kò ní pẹ́ tí ojú ọ̀nà ò fi ní hàn mọ́. Ìdúró ráńpẹ́ yìí ni òǹkọ̀wé yìí fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìn náà. Ẹsẹ̀ sinmi, àmọ́ ojú àti etí ò sinmi.

A kì í fi agbára bá ẹ̀fúùfù jà. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti èèyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí òkè Washington, tó wà lágbègbè kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ojú ọjọ́ wọn ẹ̀fúùfù tó ń sáré kìlómítà 372 ní wákàtí kan, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, 1934. Kò sí èyí tí wọ́n wọ̀n tó jù ú lọ láyé, títí ìjì Olivia fi jà ní Australia lọ́dún 1996.

Àwọn òkúta tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wúlò púpọ̀. Tìtorí àwọn ewéko kéékèèké orí òkè ni wọ́n ṣe tò wọ́n, torí èyí tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ pa níbẹ̀ kì í tètè hù padà. Nígbà tí ìkùukùu bá sì bolẹ̀, àwọn òkúta yìí kan náà ló ń tọ́ni sọ́nà.

Láti Lafayette, ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìsinmi Greenleaf Hut, ó sì gba Old Bridle Path wálẹ̀. Ó dára kéèyàn gba Falling Waters gòkè, torí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Ó sàn ká gùn ún ju ká sọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ìròyìn ojú ọjọ́ tí Mount Washington Observatory ń gbé jáde fún orí òkè ni kí ẹ kà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe ti ìlú tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ní ààrá ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ sún ìrìn náà sí ọjọ́ mìíràn.