Ìyìn Tó Gba Ọgbọ́n Lọ́wọ́ Oníṣẹ́: Yanagi àti Iṣẹ́ Ọnà Kòríà

Ọdún 1910 ni Japan gba ìjọba Kòríà. Àwọn amúnisìn wó ọ̀pọ̀ ilé nínú ààfin Gyeongbokgung ní Seoul, wọ́n sì kọ́ olú-ilé ìjọba tiwọn síwájú gbọ̀ngàn ìtẹ́ ọba. Ìfojútẹ́ńbẹ́lú tó hàn gbangba bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó bá wí. Ti ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà Kòríà dénú, tí ìfẹ́ rẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ ojú amúnisìn, ló gba àròjinlẹ̀. Yanagi Sōetsu (1889–1961), ọmọ Japan, ni ẹni náà.

Ká má fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ní 1914, Asakawa Noritaka, ọmọ Japan tó ń gbé ní Kòríà, gbé ìkòkò tánganran Kòríà kan wá sílé rẹ̀, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nígbà tí àwọn agbófinró pa àwọn tó wọ́de òmìnira ní 1919, ó bá àwọn ará Kòríà kẹ́dùn nínú ìwé ìròyìn Yomiuri. Nígbà tí ìjọba fẹ́ wó Gwanghwamun, ẹnubodè àgbà ààfin, ó fi gègé gbèjà rẹ̀ ní 1922. Nígbẹ̀yìn, wọ́n tú u lọ tò síbòmíràn. Ní 1924, òun àti Asakawa Takumi, àbúrò Noritaka, dá ilé ọnà kan sílẹ̀ nínú ààfin náà, kí iṣẹ́ Kòríà má baà kúrò ní Kòríà.

Àmọ́ àbá rẹ̀ mẹ́hẹ. Yanagi ní ìbànújẹ́ ni ẹwà Kòríà: ó ka aṣọ funfun àwọn èèyàn náà sí aṣọ ọ̀fọ̀, ó sì ka ìlà tó rọra tẹ̀ lára ìkòkò wọn sí ẹkún ìran tí ogun kò jẹ́ ó sinmi. Bẹ́ẹ̀, láàfin Joseon, ìdílé ọba Kòríà àtijọ́, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí ẹ̀kọ́ Confucius fi kọ́ni ló mú kí wọ́n yan tánganran funfun láàyò. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń sun ún ní Gwangju, lẹ́bàá Seoul. Níbo ni àbá Yanagi fi ijó oníbojú tó ń fi àwọn ọlọ́lá ṣẹ̀sín sí? Níbo ló fi àwòrán ẹkùn tó ń pani lẹ́rìn-ín sí? Ẹni tí a bá ti sọ pé ẹkún ni àdámọ́ rẹ̀, a kò ní bi í mọ́ pé ta ló ń pa á lẹ́kún.

Àwo Kizaemon tún fi àléébù náà hàn. Kòríà ni wọ́n ti mọ ọ́n. Àwọn ọ̀gá ayẹyẹ tíì mímu ní Japan sọ ọ́ di ohun iyebíye, ó sì wà ní tẹ́ḿpìlì Daitoku-ji ní Kyoto. Lójú Yanagi, àwo ìjẹun tálákà lásán ni, ẹni tó mọ ọ́n kò sì ro ẹwà rárá. Ta ló wá yan amọ̀? Ta ló mọ bí iná yóò ṣe tó? Bí amọ̀kòkò kò bá mọ nǹkan kan, olùwòran nìkan ló ku tó mọ̀. Lóòótọ́, ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Japan náà. Àmọ́ ní ti Japan, àwọn amọ̀kòkò Hamada Shōji àti Kawai Kanjirō wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n lórúkọ, tí wọ́n sì lóhùn; ará Kòríà ni kò dárúkọ.

Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn òǹkọ̀wé Kòríà ti ń ta ko àbá yìí. Síbẹ̀, ní 1984, ìjọba Kòríà Gúúsù fi oyè dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Méjèèjì tọ́. A lè dúpẹ́ ẹnubodè lọ́wọ́ Yanagi, ká sì kọ àbá tó fi omijé rọ́pò ọgbọ́n ọwọ́ amọ̀kòkò.