Ilojo Bar, ilé tí a pàdánù
Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá dé Tinúubú l'Ékòó ṣáájú 2016 á ti rí Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, ilé àwọn Àgùdà, tí orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ilé ọtí ni nísàlẹ̀. (Ọtí o! Àmọ́ ilé ọ̀hún rẹwà.) Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ní 1956 ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ìkéde nìkan ò gbà á là. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 September 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ẹ wo àwọn plásà wa ní Wuse níbí. Èwo nínú wọn lẹ ó fẹ́ fi han ọmọ-ọmọ yín?